Ẹyin Tí A Tà, Ìndómì Tí A Rà

Orí igi ni máńgòrò wà nígbà tí ìjọba kéde kónílé-ó-gbélé nítorí àrùn kòrónà. Ní aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 2020 ni Èkó, Ògùn àti Àbújá wọlé tìlẹ̀kùn. Ọ̀yọ́ kò ti ìlú pa pátápátá ní tirẹ̀, àmọ́ òfin má-rìn-lóru dé, ọkọ̀ dín kù lójú pópó, ẹni tó bá sì ń kó ẹrù láti ìpínlẹ̀ kan bọ́ sí èkejì mọ ohun tí ojú òun rí lọ́wọ́ àwọn agbófinró. Àsìkò yẹn gan-an ni máńgòrò ń pọ́n láti Ògbómọ̀ṣọ́ títí wọ Òkè-Ògùn. Àwọn alájàpá tó máa ń wá kó o lọ sí Ìbàdàn àti Èkó kò yọjú. Èso ń já lulẹ̀, eṣinṣin ń kùn lé e lórí, ewúrẹ́ jẹ ẹ́ títí ó fi sú wọn. Nínú agboolé tí máńgòrò ti ń jẹrà lábẹ́ igi yìí kan náà, ẹ ó bá ọmọ ọdún méjì tí irun orí rẹ̀ ti pọ́n, tí apá rẹ̀ rí tín-ín-rín, tó ń fi ìka tọ́ gàrí nínú abọ́.

Ìròyìn ìgbà náà kún fún ebi ìgboro: àwọn tó jẹ́ pé òwò òòjọ́ ni wọ́n fi ń jẹun, tí wọn kò lè jáde mọ́. Ebi abúlé yàtọ̀ sí i. Owó ló kọ́kọ́ tán lábúlé, nítorí ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún tí wọ́n ti ń ta ẹrù oko kò ná bó ṣe ń ná tẹ́lẹ̀. Oúnjẹ wà, pàápàá àwọn irú kan, ṣùgbọ́n ẹni tó nílò rẹ̀ jù nínú ilé ni kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Máńgòrò pípọ́n ní èròjà tí ara ń sọ di fítámì A, fítámì tó ń ṣọ́ ojú, tó sì ń fún ọmọdé lágbára láti bá èéyi àti ìgbẹ́ gbuuru jà. Fítámì A yìí kan náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ìlera máa ń ro sí ọmọ lẹ́nu lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Nígbà tí ẹsẹ̀ dá nílé ìwòsàn, òun nìyẹn nílẹ̀ tí ewúrẹ́ ń jẹ.

Kòrónà kọ́ ló bí ìṣòro náà. Ìwádìí ìlera tí wọ́n ṣe jákèjádò Nàìjíríà ní ọdún 2018, èyí tí wọ́n ń pè ní NDHS, fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, 37 ni kò ga tó bó ṣe yẹ kí ọjọ́ orí wọn ga. Nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ti lé ní oṣù mẹ́fà, 68 ni ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó. Nínú ọgọ́rùn-ún ìkókó tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, 29 péré ni ìyá wọn ń fún ní ọmú nìkan, láìfi omi tàbí àgbo kún un. Òótọ́ ni pé ti Àríwá ló burú jù nínú ìṣirò yìí, àwa ará Gúúsù sì máa ń fi ìyẹn tu ara wa nínú. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ mọ bó ṣe rí, kó kúrò ní ìgboro Ìbàdàn, kó wọ oko lọ. Nígbà tí ilé iṣẹ́ ìṣirò ìjọba àpapọ̀ wá pe àwọn èèyàn lórí fóònù ní oṣù kẹrin sí ìkarùn-ún ọdún 2020, ó lé díẹ̀ ní ìdajì àwọn ìdílé tó ní àwọn ti dín oúnjẹ kù. Ìwádìí náà kò bèèrè ẹni tí wọ́n dín tirẹ̀ kù nínú ilé. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Kí àrùn náà tó dé, ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ni ẹ̀kọ́ nípa oúnjẹ ọmọ máa ń wáyé. Àwọn ìyá á pọn ọmọ wá sí ibùdó ìlera, wọ́n á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, nọ́ọ̀sì á dá orin, wọ́n á sì gbè é: orin ọmú, orin ẹ̀fọ́, orin ẹyin. Orin náà dùn, mi ò ní bù ú kù. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti jókòó níbẹ̀ rí mọ̀ pé bí nọ́ọ̀sì ṣe ń kọrin ni ọmọ ń ké, tí ìyá ń wo ìlà bóyá ó ti kan òun. Nígbà tí orin bá parí, kò sẹ́ni tó bi ẹnikẹ́ni léèrè ohun tó sè lánàá. Kòrónà ba ètò yìí jẹ́. Ìjọba ní kí èèyàn má péjọ. Àwọn ìyá ń sọ láàárín ara wọn pé ilé ìwòsàn gan-an ni àrùn fi ṣe ibùgbé. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera náà ń bẹ̀rù, torí ìbòmú kò kárí. Àìrójú yẹn ló lé ẹ̀kọ́ jáde nínú gbọ̀ngàn, tó lé e lọ sí ojúde àwọn èèyàn. Èmi gbà pé oore ńlá ló ṣe láìmọ̀.

Kí n tó dé ojúde yẹn, mo ní láti mẹ́nu ba ariwo kan tó gba ìlú. Ní ìparí oṣù kẹta ni àyẹ̀wò fi hàn pé Gómìnà Ṣèyí Mákindé ti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní kòrónà. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó sọ fún aráyé pé òun lo oyin pẹ̀lú òróró hàbátù-sáúdà, òun jẹ kárọ́ọ̀tì, òun sì lo fítámì C. Àwọn àáfà ti ń ta hàbátù-sáúdà tipẹ́, ẹnu gómìnà ló wá fọwọ́ sí i. Àwọn mìíràn ní ata ilẹ̀ ni, àwọn kan ní aáyù, àwọn kan ní orógbó, àwọn kan tó ti ń wá àwáwí tẹ́lẹ̀ ní ògógóró ni. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé oúnjẹ tó dára ni aáyù, àmọ́ kò sí ẹ̀rí pé ó ń dènà kòrónà. Ta ló gbọ́? Lórí rédíò, lórí WhatsApp, lẹ́nu ìwàásù, ìmọ̀ràn oúnjẹ wá di ọ̀rọ̀ ohun tí àgbàlagbà yóò lò kí àrùn má bàa mú un. Ọ̀rọ̀ abọ́ ọmọdé pòórá.

Oyin yẹn tilẹ̀ ní ewu tirẹ̀. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọ́dọ̀ lá oyin, torí kòkòrò àìfojúrí kan lè wà nínú rẹ̀ tí ikùn àgbàlagbà lè borí, ṣùgbọ́n tó lè sọ ara ìkókó di aláìlágbára títí dórí mímí. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò rọrùn láti sọ láàárín Yorùbá tó ń fi oyin sọmọ lórúkọ. Àwọn nọ́ọ̀sì tó gbọ́n máa ń ní kí wọ́n fi oyin náà kan ètè ìyá, àdúrà á sì gbà síbẹ̀. Ìbẹ̀rù mìíràn tún wà: ṣé ìyá tí kòrónà bá mú lè fọ́mọ lọ́mú? WHO sọ gbangba pé kó máa fún un lọ, kó ṣáà fọ ọwọ́ rẹ̀, kó sì lo ìbòmú. Èyí ṣe pàtàkì ju gbogbo oyin ayé lọ, síbẹ̀ kò gbajúmọ̀ tó oyin.

Níbi tí ẹ̀kọ́ náà ti lọ dáadáa, kò ní ìwé àwòrán, kò sì ní gbohùngbohùn. Òṣìṣẹ́ ìlera alábọ́ọ́dé, tí gbogbo abúlé ń pè ní nọ́ọ̀sì bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kò pè é bẹ́ẹ̀, á kọ́kọ́ lọ kí baálẹ̀, á wá wọ agboolé kan. Obìnrin mẹ́rin tàbí márùn-ún á jókòó, wọ́n á jìnnà síra díẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìkòkò ló máa ń kọ́kọ́ béèrè. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Àgbà. Kí la fún ọmọ yìí jẹ láàárọ̀, mà?" Ìdáhùn tó máa ń gbà kò pọ̀ ju ẹyọ kan lọ: ògì.

Ògì ni oúnjẹ ọmọ Yorùbá látayébáyé, kò sì burú. Ọ̀nà tí à ń gbà ṣe é ló lẹ́yìn. A rẹ àgbàdo tàbí ọkà bàbà fún ọjọ́ méjì mẹ́ta, a lọ̀ ọ́, a fi aṣọ sẹ́ ẹ. Èèrí tó ṣẹ́kù nínú aṣọ, ewúrẹ́ la ń dà á fún. Inú èèrí yẹn ni ọ̀pọ̀ èròjà amáradàgbà àti èyí tó ń fún èèyàn lẹ́jẹ̀ wà. Ẹ rí i pé ewúrẹ́ tó jẹ máńgòrò ti tún jẹ èèrí. Ohun tó bọ́ sínú ìkòkò jẹ́ afáralókun, a sì tún wá fi omi là á kó lè ṣeé mu. Ọmọ á mu ife kan, ikùn rẹ̀ á yọ róbótó, á sùn, ìyá á ní ó ti yó. Omi ló yó. Ikùn ọmọ oṣù mẹ́jọ kò gbà ju ife kékeré kan lọ lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà ohun tó bá wọ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ tó nǹkan.

Nọ́ọ̀sì á wá ní kí wọ́n gbé ògì náà padà sórí iná. Á ní kó ki, kó ki débi pé bí wọ́n bá dorí ṣíbí kodò díẹ̀, kò ní ṣàn dànù. Á ti mú edé gbígbẹ dání, tàbí ṣawá yíyan tí wọ́n gún tegungun-tegungun, á da ṣíbí kan sí i. Á ro epo pupa díẹ̀, nítorí epo ń fún ọmọ lókun, ó sì ní èròjà fítámì A bíi máńgòrò. Bí ẹyin bá wà, á lù ú, á dà á sínú ògì bó ṣe ń hó, wọ́n á máa rò ó kó má bàa dì. Ìyá ọmọ fúnra rẹ̀ ni yóò rò ó. Èyí ló ya ẹ̀kọ́ yìí sọ́tọ̀ sí ti orí bẹ́ǹṣì: ìyá náà ti mọ̀ kí nọ́ọ̀sì tó dìde pé ìkòkò òun ni, ṣíbí òun ni, ọmọ òun sì jẹ ẹ́. Á gbọ́ iye ìgbà tó yẹ pẹ̀lú: ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ fún ọmọ oṣù mẹ́fà sí mẹ́jọ, ẹ̀ẹ̀mẹta sí ẹ̀ẹ̀mẹrin láti oṣù mẹ́sàn-án lọ, pẹ̀lú ìpanu bí ìbẹ́pẹ tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ láàárín, kí ọmú sì máa bá a lọ títí tí ọmọ á fi pé ọdún méjì.

Níbi tí wọ́n bá ti fẹ́ ohun tó lè pẹ́ nílẹ̀, wọ́n máa ń kọ́ wọn ní ìyẹ̀fun tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera mọ̀ sí Tom Brown: kóńgò mẹ́fà ọkà bàbà tàbí àgbàdo, mẹ́ta sóyà, ọ̀kan ẹ̀pà. Kóńgò ni wọ́n fi ń wọn nǹkan lọ́jà, kò sẹ́ni tó nílò òṣùwọ̀n. Sóyà ni kí wọ́n ṣọ́ jù. Bí kò bá yan dénú, èròjà kan wà nínú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ikùn da oúnjẹ dáadáa, ọmọ á máa yàgbẹ́ gbuuru, wọ́n á ní sóyà ló fẹ́ pa á. Ẹ̀pà náà, kí wọ́n ṣà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ti bu, tó sì korò, kí wọ́n sọ ọ́ nù, nítorí májèlé wà nínú ebu yẹn tí iná kì í pa. Kí wọ́n yan ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí wọ́n pò ó, kí wọ́n lọ̀ ọ́ ní gbígbẹ, kí wọ́n dì í sínú ìkòkò tó lómorí.

Àwọn ìyá àgbà kì í ṣe àjèjì sí sóyà. Láti àwọn ọdún 1980 ni àwọn onímọ̀ ní ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn IITA ní Ìbàdàn àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ wọn ti ń kọ́ àwọn obìnrin lábúlé bí wọ́n ṣe lè fi sóyà ṣe irú, wàrà, mọ́ínmọ́ín àti ògì. Ọ̀pọ̀ lára àwọn tó kọ́ ọ nígbà náà ló ti di ìyá ọkọ ní ọdún 2020. Níbi tí nọ́ọ̀sì bá ti mọ èyí, tó sì ní kí Ìyá Àgbà fúnra rẹ̀ ṣàlàyé bí a ṣe ń yan sóyà, iṣẹ́ ti parí, nítorí ìyàwó ilé kì í fi bẹ́ẹ̀ yí ìkòkò padà láìjẹ́ pé ìyá ọkọ fọwọ́ sí i.

Ìyá ọkọ yìí náà ló di èèwọ̀ mú. Ẹ ti gbọ́ ọ rí: ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin, olè ni yóò dà. Aboyún tó bá jẹ ìgbín, ọmọ rẹ̀ á máa datọ́. Èyí tó bá jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, àwújẹ̀ ọmọ kò ní tètè dì. Àwọn tí wọ́n kàwé máa ń fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́, wọn kì í sì í ṣe àwòfín rẹ̀. Láyé ijọ́un, nígbà tí ẹran àti ẹyin wọ́n, ọmọ tí ó bá ti mọ adùn wọn lè nawọ́ sí ìkòkò ọbẹ̀ kí àwọn àgbà tó jẹun. Òfin ìpín oúnjẹ ni, wọ́n wá fi aṣọ èèwọ̀ bò ó. Ẹni tó bá fẹ́ tú u, kó má bẹ̀rẹ̀ láti orí àríyànjiyàn. Mo fẹ́ràn bí àwọn nọ́ọ̀sì kan ṣe ń sọ ọ́: "Ẹ má fún un ní odidi, mà. Ẹ lù ú sínú ògì rẹ̀. Ta ni yóò jalè nítorí ògì?" Ìyá Àgbà á rẹ́rìn-ín, á ní nọ́ọ̀sì yìí gbọ́n jù. Ẹyin á bọ́ sínú ìkòkò, ọmọ ò sì ní rí i. Ti ìgbín náà rọrùn lákòókò yẹn, torí òjò ti bẹ̀rẹ̀, ìgbín ń rìn lóko, kò gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá ṣà á, ó sì ní èròjà ẹ̀jẹ̀ tí aboyún nílò.

Ẹni kan tún wà tí ẹ̀kọ́ oúnjẹ kì í bá sọ̀rọ̀: baálé ilé. Abọ́ rẹ̀ ni ẹran máa ń lọ, omi ọbẹ̀ ni ti ọmọdé. Ọwọ́ rẹ̀ ni owó ẹ̀gẹ́ àti owó kòkó wà. Àwọn orin ọjọ́ abẹ́rẹ́ kò dé etí rẹ̀ rí, nítorí kì í sí níbẹ̀. Nígbà kónílé-ó-gbélé, àwọn ọmọ abúlé tó ń ṣe bíríkìlà àti awakọ̀ ní Èkó sá wálé, àwọn tó ń ná ọjà ọ̀nà jíjìn jókòó sílé. Ẹnu tó ń jẹun pọ̀ sí i, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n etí àwọn ọkùnrin náà wà nítòsí. Ó dùn mí pé níbi púpọ̀, ọ̀rọ̀ ìbòmú nìkan ni wọ́n fi àǹfààní yẹn bá wọn sọ. Ọkùnrin tó bá rí i pé ọmọ òun ń lọ sẹ́yìn máa ń dáhùn ju bí a ṣe rò lọ, bí ẹnì kan bá ti lè fi hàn án.

Ohun tí wọ́n fi ń fi hàn ni tèèpù ìwọ̀n apá. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ike ni, ó sì ní àwọ̀ mẹ́ta. Ẹ fi í yí apá òsì ọmọ ká ní àárín èjìká sí ìgúnpá, kí apá náà wà ní rírọ̀ sílẹ̀, ẹ fà á kó kan ara láìfún un. Bí ojú ìwọ̀n bá bọ́ sórí àwọ̀ ewé, ìyẹn láti sẹ̀ǹtímítà 12.5 lọ sókè, ọmọ ń bẹ dáadáa. Bí ó bá bọ́ sórí yẹ́lò, kí wọ́n tètè wá nǹkan ṣe sí abọ́ rẹ̀. Bí ó bá bọ́ sórí pupa, tí kò tó 11.5, ilé ìwòsàn ni, kò gbọ́dọ̀ di ọ̀la. Ọmọ oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún ni ó wà fún. Kí wọ́n tún fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀yìn ẹsẹ̀ méjèèjì. Bí ibẹ̀ bá kò sínú tí kò sì tètè yọ padà, omi ló kún ara rẹ̀, kò sì sí ohun tí tèèpù lè sọ tó ju ìyẹn lọ.

Tẹ́lẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ibi, òṣìṣẹ́ ìlera nìkan ló ń di tèèpù yìí mú. Kòrónà ló jẹ́ kí UNICEF àti àwọn àjọ mìíràn tẹnu mọ́ ọn pé kí wọ́n gbé e fún ìyá, kí ẹni tó ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn má bàa kó àrùn kiri. Kì í ṣe àdánwò lásán. Ní orílẹ̀-èdè Niger, àwọn oníṣẹ́ ìlera àjọ ALIMA ti fi í lé ìyá lọ́wọ́ ṣáájú, ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2015 àti 2016 sì fi hàn pé àwọn ìyá ń wọ̀n ọ́n bí òṣìṣẹ́ ìlera ṣe ń wọ̀n ọ́n, wọ́n sì ń tètè rí ọmọ tó ń ṣàìsàn kí ó tó wọ̀ ọ́ lára. Ìyá tí kò kàwé mọ pupa yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé. Bàbá náà mọ̀ ọ́n.

Ó yẹ kí èyí má ya Yorùbá lẹ́nu, nítorí ilẹ̀ wa ni irú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1956 ni dókítà ọmọdé kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, David Morley, dé Wesley Guild Hospital ní Iléṣà. Ní ìlú Ìmẹ̀sí-Ilé, láàárín òkè, ó dá ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tó ọdún márùn-ún sílẹ̀, ó sì tẹ̀ lé àwọn ọmọ tí wọ́n bí níbẹ̀ láti ọjọ́ ìbí wọn lọ. Ó rí bí èéyi àti àìjẹunrekánú ṣe ń ran ara wọn lọ́wọ́ láti pa ọmọdé, ó sì rí i pé dókítà kan kò lè dá wọn dúró. Àwọn nọ́ọ̀sì ló fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Ó wá ṣe káàdì kan tí wọ́n ń fàlà ìwọ̀n ọmọ sí lóṣooṣù: bí ìlà náà bá ń gòkè, ọmọ ń dàgbà, bí ó bá dúró sójú kan, wàhálà ń bọ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ ń ṣeré. Káàdì náà kì í gbé nílé ìwòsàn. Ìyá ló ń fi í sínú ọ̀rá, tó ń gbé e lọ sílé. Nígbà yẹn àwọn dókítà kan gbà pé wọ́n á sọ ọ́ nù. Wọn kò sọ ọ́ nù. Láti Ìmẹ̀sí-Ilé ni káàdì yẹn ti rìn dé ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà àti Éṣíà. Ilé ìwòsàn Iléṣà náà wà títí dòní lábẹ́ OAUTHC, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ṣùgbọ́n ẹ bi ọ̀dọ́ kan ní Ọ̀ṣun pé níbo ni káàdì ìwọ̀n ọmọ ti ṣẹ̀ wá, ẹ ó rí i pé a kì í kọ́ ọmọ wa ní ohun tó jẹ́ tiwa.

Bí àwọn nọ́ọ̀sì ṣe ń kọ́ni lójúde yìí, ẹ̀kọ́ mìíràn ń bọ̀ nínú àpò. Mo ń sọ nípa oúnjẹ ìrànwọ́. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò ńlá tí wọ́n ń pè ní CACOVID di ẹrù fún àwọn ìdílé jákèjádò orílẹ̀-èdè: ìrẹsì kílò mẹ́wàá, gàrí tàbí sẹ̀mó kílò márùn-ún, páálí ìndómì àti sùpàgẹ́tì, ṣúgà kílò márùn-ún, iyọ̀ kílò kan. Ẹ ka ẹ̀wà nínú rẹ̀ fún mi. Ẹ ka ẹja. Ṣúgà kílò márùn-ún fún ìdílé tí ọmọ wọn kò rí ẹyin jẹ! Mi ò fi àìmoore sọ ọ́. Owó gidi ni wọ́n ná, ọ̀pọ̀ ẹrù náà kò tilẹ̀ dé ọwọ́ ẹnikẹ́ni títí wọ́n fi já ilé ìkẹ́rùsí ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn. Ṣùgbọ́n àpò tí ìjọba àti olówó bá gbé wá sílé èèyàn ń sọ̀rọ̀. Ó ń sọ pé èyí ni oúnjẹ gidi, èyí ni àwọn tó lówó ń jẹ. Orin nọ́ọ̀sì kò lè dun tó ìyẹn.

Ètò kan wà tó ṣe dáadáa ju ti CACOVID lọ, òun náà ni aráyé bú jù. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2020, nígbà tí ilé ìwé ṣì wà ní títì, ìjọba àpapọ̀ ní àwọn yóò gbé oúnjẹ ọmọ ilé ìwé lọ bá wọn nílé ní Àbújá, Èkó àti Ògùn. Àwọn èèyàn fi rẹ́rìn-ín: ilé ìwé wo lẹ fẹ́ bọ́? Owó rẹ̀ náà mú ìfura wá, mi ò sì ní gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wo inú àpò ₦4,200 náà: ìrẹsì kílò márùn-ún, ẹ̀wà kílò márùn-ún, òróró, epo pupa, iyọ̀, tòmátò alágolo, ẹyin mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹni tó mọ̀ nípa oúnjẹ ló kọ ìwé yẹn. Ẹ̀wà àti ìrẹsì nínú ìkòkò kan ń pé ara wọn, ohun tí ọ̀kan kò ní wà lára èkejì, epo pupa sì ń gbé fítámì A wọ inú ara. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn tó di àpò CACOVID wo ìwé yẹn, ì bá tẹ́ mi lọ́rùn.

Owó ni ibi tí ẹ̀kọ́ máa ń dẹnu kọlẹ̀. Obìnrin abúlé tó ń sin adìyẹ ìbílẹ̀ kì í jẹ ẹyin rẹ̀. Ó ń tà á, tàbí kó fi sílẹ̀ kó pa, kí ó lè ta adìyẹ. Owó ẹyin náà ló fi ń ra ìndómì kan ṣoṣo fún ọmọ tó ti rí i lọ́wọ́ ọmọ aládùúgbò. Àwọn Fúlàní ń gba iwájú ilé rẹ̀ kọjá pẹ̀lú wàrà, wàrà yẹn ń lọ sí ìgboro. Ẹ má sọ fún obìnrin yìí pé ìyà àìmọ̀ ló ń jẹ ẹ́. Ó mọ iye gbogbo nǹkan. Ẹyin lè di ọṣẹ, ó lè di iyọ̀, ó lè di owó ọ̀kadà lọ́jọ́ àìsàn. Ẹyin tó bá wọ ikùn ọmọ kò lè di nǹkan kan tó fojú rí ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Nọ́ọ̀sì tó bá mọ èyí kì í ní kó má ta ẹyin. Á ní kó ta mẹ́rin, kó fi ọ̀kan sílẹ̀ fún ọmọ tó kéré jù, kó sì gbin tẹ̀tẹ̀ àti gbúre sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí omi ìwẹ̀ ń ṣàn sí. Mo ti gbọ́ tí àwọn ògbógi onímọ̀ oúnjẹ ń ka ìmọ̀ràn yìí sí kékeré. Ọmọ tó jẹ ẹyin kan lọ́jọ́ mẹ́ta mẹ́ta sàn ju ọmọ tí wọ́n kọ orin ẹyin fún lọ.

Àrùn ńlá máa ń fi nǹkan sílẹ̀ nínú abọ́ àwọn èèyàn lẹ́yìn tó bá ti lọ. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1918, ọkọ̀ ojú omi tó ń jẹ́ Bida gbé àrùn ìfúlúẹ́ńsà wọ Èkó láti Gold Coast. Àwọn onítàn ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 500,000 èèyàn ló kú ní Nàìjíríà láàárín oṣù díẹ̀. Onítàn Don Ohadike kọ ọ́ ní 1981 pé ní apá ìsàlẹ̀ odò Ọya, ikú àwọn tó lágbára láti kọ ebè iṣu ló mú kí àwọn tó kù gba ẹ̀gẹ́ tọwọ́tẹsẹ̀, torí ẹ̀gẹ́ kò béèrè iṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ó sì lè dúró nínú ilẹ̀ de ẹni tó ní í. Ẹ̀gẹ́ gba ẹ̀mí là. Ó sì mú oúnjẹ tí èròjà amáradàgbà rẹ̀ kò tó ti iṣu wọ abọ́ ọmọdé, kò sì tíì jáde níbẹ̀. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ láti tún un ṣe wà: láti 2011 ni IITA àti ilé ìwádìí Umudike ti gbé irú ẹ̀gẹ́ yẹ́lò jáde, èyí tí fítámì A wà nínú gàrí rẹ̀. Ní ti 2020, ẹ̀rù ń bà mí pé ìndómì ni yóò jókòó síbẹ̀.

Nǹkan kan tó dára bá àrùn náà wá, ọwọ́ fífọ̀. Àwọn bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n gbé sẹ́nu ọ̀nà ààfin àti ṣọ́ọ̀ṣì nítorí kòrónà ṣe oore fún oúnjẹ ọmọ ju bí wọ́n ti rò lọ, nítorí ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru kì í jèrè ohun tó jẹ. Ibi púpọ̀ ni wọ́n ti gbé wọn kúrò. Ọjọ́ abẹ́rẹ́ ti padà sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, orin náà ti padà. Ìbẹ̀wò ojúde ti dín kù, ìdí rẹ̀ kò sì ṣòro: láti ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, owó ọ̀kadà láti ibùdó ìlera dé àwọn abúlé tó yí i ká ti kọjá ohun tí òṣìṣẹ́ kan lè máa yọ nínú owó oṣù rẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ ló yẹ kó san án. Tèèpù ìwọ̀n apá kò nílò ọ̀kadà. Bí wọ́n bá lè tẹ̀ ẹ́ kó kárí, kí wọ́n fún ìyá kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀ lọ́jọ́ tí ọmọ rẹ̀ bá pé oṣù mẹ́fà, kí wọ́n sì fi bí wọ́n ṣe ń lò ó han bàbá ọmọ náà.